Ìrìn-àjò wa sí Ugbonla ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun tí a bá wọn ṣe níbẹ̀

Bí a bá dárúkọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí a bí sí orí ilẹ̀ gbígbẹ, òkè Ìdànrè àti oko kòkó ni ọkàn wa máa ń sáré lọ bá. A kì í sábà rántí pé ìpínlẹ̀ yìí kan náà ti ẹsẹ̀ bọ inú òkun. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti Okitipupa sí ìhà gúúsù yóò rí i pé igbó ń tẹ́, ilẹ̀ ń rọ̀, títí yóò fi dé Igbókọ̀dá, níbi tí èbúté àti ọjà ẹja gbé wà. Láti ibẹ̀ lọ sí púpọ̀ nínú àwọn ìlú etí òkun, omi ni ọ̀nà, ọkọ̀ sì ni ẹsẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a tọ̀ dé Ugbonla, ìlú tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ nìyí, ilẹ̀ Olúgbò ti Ugbo àti Amapetu ti Máhìn, pẹ̀lú àwọn ọba mìíràn tí ó ní ọlá tiwọn. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ayé kò mọ̀ rí. Ní ọdún 1885, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń pín ilẹ̀ Áfríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, oníṣòwò ará Jámánì kan tí à ń pè ní G. L. Gaiser bá Amapetu ṣe àdéhùn lórí etí òkun Máhìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Jámánì fi jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ tí wọ́n fi ń dù ú, ìdáhùn rẹ̀ wà ní abẹ́ omi. Etí òkun ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn funfun bí ti Èkó, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ náà sì nà lọ sínú òkun, ó ń rọ ìgbì lágbára kí ó tó dé etí ilẹ̀. Níbi tí òkun ti ń bínú ní Èkó àti ní Àgbádárìgì, níhìn-ín ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni àwọn Ìlàjẹ fi di ọmọ òkun láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, tí àwọn apẹja wọn sì fi tàn kálẹ̀ dé Èkó, dé Kútọnu, dé etí òkun Kamẹrúùnù.

Orí òpó igi ni wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sí ní ilẹ̀ náà. Afárá pákó ni ìta wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Èéfín ẹja àti edé kì í kúrò ní afẹ́fẹ́. Omi yí ènìyàn ká ní ìhà gbogbo, síbẹ̀ omi mímu ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù, nítorí iyọ̀ òkun ti wọ inú odò. Nígbà òjò, gbogbo ilé ni ó gbé àgbá àti ìkòkò sí abẹ́ òrùlé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa wa ọkọ̀ lọ sí ọjà, a máa wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn, a sì máa wa ọkọ̀ lọ kí ẹni tí ó bímọ. Ẹni tí kò lè wa ọkọ̀ níbẹ̀ dà bí arọ ní àárín wa.

Iṣẹ́ ìwé ni ó gbé wa dé Ugbonla. Ẹgbẹ́ apẹja kan wà níbẹ̀, ọkùnrin mọ́kànlá, tí wọ́n jọ ní àwọ̀n ńlá kan àti ọkọ̀ òkun kan. Wọ́n ní kí a wá bá wọn to ìwé ìṣirò wọn, nítorí owó ń wọlé ṣùgbọ́n kò dé ilé. A jókòó ti ìwé náà fún ọjọ́ méjì. Ìlànà ìpín wọn kò ṣòro. Bí a bá ti ta ẹja tán, a ó kọ́kọ́ yọ owó epo àti oúnjẹ kúrò. Èyí tí ó kù ni a ó pín: ìpín ti ọkọ̀, ìpín ti àwọ̀n, ìpín ti ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ni ìpín ti àwọn ọkùnrin. Kò sí olè nínú ìwé náà. Epo ni olè. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Ẹ̀yin tí ń gbé ìlú ńlá mọ bí owó ọkọ̀ ti fò sókè; ṣùgbọ́n ẹ ro ti apẹja, ẹni tí ń ra epo lórí ilẹ̀, tí ń san owó kí a tó gbé e gba orí omi wá bá a, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹja tí òun yóò rí yóò tó epo tí òun yóò jó. Láti oṣù náà lọ, ìlà epo inú ìwé wọn ń gùn sí i, ìlà ìpín àwọn ọkùnrin ń kúrú sí i. Ọ̀kan nínú wọn ti kúrò lọ sí Èkó láti gun ọ̀kadà.

Nígbà tí a ka ìṣirò náà sí wọn létí, gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹni tí a ti ń pè ní gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó dá ẹnu lé e pé, “Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ta ni ó ń gbé wa lọ, tí ó sì ń gbé wa bọ̀? Afẹ́fẹ́ kò tíì gbówó lórí.” Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fi ẹnu kò pé àwọn yóò fa ọkọ̀ náà gun ilẹ̀, wọn yóò tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe, wọn yóò sì dá òpó àti ìgbòkun padà sí i. Wọn kò ní sọ ẹ̀rọ nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò di ìránṣẹ́, kò ní jẹ́ ọ̀gá mọ́.

Owó kò sí láti gba òṣìṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní oko níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá: ẹni tí ó bá wá, a ó fún un ní oúnjẹ, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé tí a bá wá ti parí, ṣùgbọ́n ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ọba kù wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A bọ́ ẹ̀wù, a ká ṣòkòtò, a sì lọ bá wọn. Bàbá wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọwọ́ kálàmù yín yìí, ṣé ó lè di okùn mú?” A dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ kọ́ wa.” Ó ní, “Ó dára. Ẹ jókòó ti ọ̀dà.”

A kò lè fa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gun ilẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wù wá. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, omi òkun a máa kún ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Wọ́n dúró de ọjọ́ náà. Ní àkókò tí omi kún jù, wọ́n tì í dé ibi tí omi lè gbé e dé. Wọ́n to igi róbótó sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi sì fà, ọkọ̀ jókòó sí òkè. Wọ́n dojú rẹ̀ dé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà náà ni a rí àṣírí rẹ̀. Ìkarahun wẹ́wẹ́ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo abẹ́ ọkọ̀, ó há bí àpáta. A fi irin ha wọ́n kúrò fún ọjọ́ méjì gbáko. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó koríko gbígbẹ, wọ́n dáná sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ iná náà ra gbogbo abẹ́ ọkọ̀, nítorí kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tí ń jẹ igi láti inú. Ojú ihò rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nínú pákó ni yóò ti ṣe ilé bí ìka ọwọ́. Ọkọ̀ tí ó ń dán lóde lè ti di kànrìnkàn nínú. Iná ni ó ń pa á.

Bàbá fi òòlù kan pákó kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí oníṣègùn ti ń gbọ́ àyà aláìsàn. Èyí tí ó bá dún gbọngbọn, ó fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá dún pòròpòrò, ó fi ẹfun sàmì sí i. Pákó méje ni ó sàmì sí. Wọ́n yọ wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ìrókò rọ́pò wọn. Igi méjèèjì yìí ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ọ̀pẹ̀pẹ̀ le lẹ́nu kòkòrò, ìrókò kì í sì í tètè jẹrà. Iṣẹ́ tiwa ni láti lọ́ òwú di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí a fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù gbá a wọ inú àlàfo tí ó wà láàárín pákó sí pákó, kí a sì da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ní ojú ibi tí ó bá ṣe pàtàkì, wọ́n tún fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìlà náà, wọ́n sì kàn án ní ìṣó. Iṣẹ́ náà kò fẹ́ agbára, sùúrù ni ó ń fẹ́. Bí òwú bá pọ̀ jù, yóò ti pákó kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ó bá kéré, omi yóò rí ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ṣe é, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, títí a fi mọ ara ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ gé òpó láti ara igi gbọọrọ kan. Àwọn obìnrin ni wọ́n ran ìgbòkun. Láyé àtijọ́ aṣọ funfun líle ni. Lóde òní, àpò ìyẹ̀fun àti àpò ìrẹsì ni a tú, tí a sì rán pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni ti lè rí i lórí ọ̀sà Èkó. Bàbá nìkan ni ó mọ bí a ti ń so okùn rẹ̀. Ó so ó, ó tú u, ó ní kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan so ó. Ẹni tí ó bá ṣì í so, kò bá a wí. Ó kàn tú u ni, ó sì tún na okùn sí i.

Ní ọjọ́ kan tí òjò lé wa wọ abẹ́ ahéré, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bi wá pé, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti tún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe láìgba owó, tí wọ́n sì wá wọ̀ ọ́ lọ sí ibi rere?” Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa nínú, nítorí a mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn àwọn ènìyàn wa sì ni. Báyìí ni a ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Nígbà òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì a máa mú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọn a sì mú un lọ sí Fìrítáùn ní Sàró, níbi tí ilé ẹjọ́ kan ti wà láti ọdún 1819 fún ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Wọn a tú àwọn ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni a ṣe tú ọmọ Òṣogùn kan sílẹ̀ ní ọdún 1822, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lẹ́yìn ọ̀la. Púpọ̀ nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Nítorí pé “ẹ kú” kì í kúrò ní ẹnu wọn, àwọn ará Sàró ń pè wọ́n ní Àkú. Ọkọ̀ tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ńkọ́? Wọn a máa tà á ní gbàǹjo. Nígbà mìíràn àwọn olówò ẹrú a tún rà á padà, wọn a sì tún fi í ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1839 àwọn oníṣòwò Àkú dá owó jọ, wọ́n ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ìgbòkun wọ̀nyí, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Queen Victoria, orúkọ ọbabìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ ní ọdún 1837. A mọ bí ọkọ̀ ẹrú ti rí nínú, nítorí àwọn àdéhùn ìgbà náà to àwọn àmì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, àgbá omi tí ó pọ̀ ju ti àwọn atukọ̀ lọ, ìkòkò ìse oúnjẹ tí ó tóbi lọ́nà àrà, àti pákó tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ kejì sí àárín ọkọ̀, kí a lè to ènìyàn lé orí ènìyàn. Ẹni òmìnira kò lè rìn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe pé a tú inú rẹ̀, kí a sì tún un tò. Ní oṣù April ọdún náà, ènìyàn 67 wọ̀ ọ́ láti Sàró, wọ́n sì kọjú sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀nà ilé. Àwọn kan tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní ìgbà náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó kó wọn lẹ́rù. Nítorí náà Àgbádárìgì ni púpọ̀ yàn, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ará Sàró wọ̀nyí ni ó kọ̀wé pé kí a rán oníwàásù sí àwọn. Ní ọdún 1842, Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì ní oṣù September, Henry Townsend sì tẹ̀lé e ní oṣù December.

Ẹ wo ọ̀ràn náà, ẹ̀yin òǹkàwé. Àwọn tí a ti gbé lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n padà wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀. Igi kan náà ni, ìgbòkun kan náà, òkun kan náà. Ọwọ́ tí ó tún un ṣe ni ó yàtọ̀.

A tún sọ èkejì fún wọn, èyí tí kò jìnnà sí ìgbà wa. Ní ọdún 1978, àwọn Kristẹni kan tí Don Stephens àti aya rẹ̀ Deyon ṣe olórí wọn ra ọkọ̀ ńlá ará Ítálì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, tí à ń pè ní Victoria. Ẹ̀rọ ni ń gbé èyí, kì í ṣe ìgbòkun. Wọ́n sọ ọ́ ní Anastasis, èyí tí í ṣe Àjíǹde ní èdè Gíríìkì. Ọdún mélòó kan ni àwọn tí kò gba owó fi tún un ṣe ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ní ọdún 1982 ni ó tó gbéra, púpọ̀ nínú àwọn tí ó tún un ṣe sì di atukọ̀ rẹ̀. Ó di ilé ìwòsàn orí omi. Kí ó tó fẹ̀yìntì ní ọdún 2007, ó ti gúnlẹ̀ sí Lòmé àti Kútọnu nítòsí wa, a sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ nínú rẹ̀ fún àwọn tálákà láìgba owó. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ wọn ni ó ń wá owó oúnjẹ ara rẹ̀.

Bàbá tẹ́tí sí ìtàn méjèèjì láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí òjò dá, ó dìde, ó ní, “Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí kò bá wa dí ihò, kò mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.” Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí àrànmọ́jú tún dé, a ti ọkọ̀ náà padà sínú omi. Àyè ẹni tí ó lọ sí Èkó ṣófo. Nínú ẹgbẹ́ wọn, a kì í fi owó ra àyè bẹ́ẹ̀, a kì í sì í fi ẹ̀bẹ̀ gbà á. Àwọn tí ó ti bá ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ni a ń yàn. Wọ́n bi wá bóyá a ó bá wọn lọ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù wá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni iṣẹ́ ẹni tí ó kéré jù, èyíinì ni láti máa gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. A sì gbà á tayọ̀tayọ̀, àwa tí irun wa ti ń fún.

Ní ìdájí ni à ń gbéra. Ní etí òkun wa, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti orí ilẹ̀ sí òkun ní òru títí di òwúrọ̀. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, yóò yí padà, yóò máa fẹ́ láti òkun sí ilẹ̀. Ẹlẹ́dàá ti fi ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ fún apẹja láìgba kọ́bọ̀. A fi ẹ̀rọ gba ibi tí omi kò jìn kọjá, lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí wọ́n pa á. Ìgbòkun gbà afẹ́fẹ́ sínú, ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń kígbe sí ara wọn nínú ariwo ẹ̀rọ láti ọdún pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó wọ inú ilé àgbà. A ń gbọ́ omi lábẹ́ pákó.

Ní ọjọ́ kejì, bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti yí padà, ó dé pẹ̀lú agbára. Ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kíákíá ju bí igbá wa ti ń gbọ́n ọn lọ. Jìnnìjìnnì mú àwọn kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí ó béèrè ibi tí omi ń gbà. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó lọ sí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí ìsàlẹ̀ pákó tuntun kẹrin ní apá òsì, nítorí gbogbo wa ni a jọ kàn án, a sì mọ̀ pé igi tuntun kò tíì mu omi tó kí ó wú, kí ó sì fún àlàfo rẹ̀ pa. Wọ́n rọ ìgbòkun sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi òwú àti ọ̀rá dí ojú ibẹ̀, Bàbá sì dojú ọkọ̀ kọ ilé. Nígbà tí a dé èbúté, ẹja wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn wa pé. Ní ọjọ́ kẹrin, pákó náà ti wú, omi kò sì wọlé mọ́.

Kí ìsinmi wa tó parí, a tún ṣí ìwé ìṣirò. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kú, ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà epo kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, ìpín àwọn ọkùnrin sì gùn díẹ̀.

Ó ku ọ̀ràn kan tí a kò lè fi pamọ́ fún yín. Bí ọkọ̀ ti ń jò, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ń jò ní etí òkun yìí. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ Ìlàjẹ ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpóstélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní oṣù January ọdún 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ; ohun ìní wọn jẹ́ ti gbogbo wọn, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ilé iṣẹ́ tiwọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jìnnà. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òkun ti ń gba ìlú náà ní òpópó kan lẹ́yìn òmíràn: ilé, ilé ìwé, àní ibi ìsìnkú àwọn baba wọn. Omi òkun ń ga sí i ní gbogbo ayé. Ilẹ̀ Ìlàjẹ kò ga. Àwọn odò tí a gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì sì ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú ilẹ̀. Kò sí ìlú etí òkun kan níbẹ̀ tí ọ̀ràn yìí kò kàn.

Ìdènà òkun kọjá agbára ọkùnrin mọ́kànlá. Iṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ owó ńlá àti ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ní Ugbonla kọ́ wa pé ìlú kì í kọ́kọ́ rì ní ọjọ́ tí omi bo òrùlé. Ó ti ń rì láti ọjọ́ tí kò ti sí ẹni tí yóò jókòó ti ọ̀dà láìgba owó, láti ọjọ́ tí ẹni kan ṣoṣo péré ti mọ bí a ti ń so okùn ìgbòkun, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìlú rẹ̀ gbé ń jò ni ó lè sọ fún ìjọba ibi tí àtúnṣe ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní ìdílé yín, bóyá ẹ̀bá omi ni ẹ ń gbé tàbí orí òkè, a bẹ̀ yín: bí àgbà kan bá wà ní àdúgbò yín tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ rán ọmọ yín kan lọ bá a ní ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Kí ó má lọ láti lọ wòran o. Kí ó lọ jókòó ti ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ igi, orúkọ okùn àti orúkọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní èdè ibẹ̀, kí ó sì kà á fún yín ní alẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ kò ní ohun tí yóò gbé wá sí àgbájọ. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin báyìí. Méjì nínú wọn lè so okùn ìgbòkun náà ní òkùnkùn, láìtan iná.